Àtàǹpàkò Ìyá Àlàbí

Ọ̀gá Akínpẹ̀lú gbé òkúta dúdú kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí a kí i. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ṣàwàdà o, pé òkúta náà ti dàgbà ju baba ńlá gbogbo wa lọ, ọmọ tó bá sì ní ẹ̀kọ́ ilé kì í kọjá lára àgbàlagbà láìkí i. Ni Ìfẹ́dayọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà, bá dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Òkúta." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé wa ní Ìṣẹ́-Èkìtì lọ́dún tí mo wà ní SS2. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá. Èmi Sẹ̀gilọlá tí mo ń sọ ìtàn yìí ti di olùkọ́ jọ́gíráfì fúnra mi ní Ẹmùré, àwọn ọmọ sì ń fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí òórùn ilẹ̀ bá gba afẹ́fẹ́, kíláàsì yẹn ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Mo máa ń rí Ọ̀gá nínú súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tó ń wọ̀ nínú ooru àti nínú ọyẹ́, àárò rẹ̀ a sì sọ mí gidigidi.

A kò ní yàrá ìṣàyẹ̀wò kankan nígbà náà. Àwòrán ayé kan ṣoṣo ló wà lára ògiri, ikán sì ti jẹ Gúúsù Amẹ́ríkà kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀gá á fi ìka sí ojú ihò náà, á ní, "Bràsílì wà níbí kí ikán tó dé." Ṣùgbọ́n kò jókòó ti ẹkún. Ó gba páálí mílíìkì kan lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, ó wá ń fi ohun ilẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Akọ òkúta wà níbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, yangí pupa láti ẹ̀bá ọ̀nà Ẹmùré, yanrìn odò, àti òkúta kan tó ń dán yinrinyinrin bí ìpẹ́ ẹja. Ó ní bí ìjọba kò bá tíì fún wa ní yàrá ìṣàyẹ̀wò, Ọlọ́run ti fún wa ní Èkìtì.

Ohun tó ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ju páálí yẹn lọ ni ìwé ńlá kan, elẹ́yìn líle, tó fi ọ̀rá bò kí òjò má baà pa á. Ìwé Àwọn Tó Mọ Ilẹ̀ ni ó pè é. Orúkọ àwọn ará ìlú wa tí olùkọ́ lè kó ọmọ ilé ìwé lọ bá ni ó ń kọ sínú rẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fọ́ òkúta ní Ìkẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé bó bá ti fi òòlù kan òkúta lẹ́ẹ̀kan, ìró rẹ̀ ti sọ fún un ibi tí yóò là sí. Agbẹ́kànga kan wà ní Ẹmùré tó máa ń bu erùpẹ̀ sẹ́nu kó tó sọ bí omi ṣe jìn tó. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ibi tó ń gbé, ohun tó mọ̀, ọjọ́ tó máa ń ráyè, àti ìkìlọ̀ tó bá wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni náà á ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú tàdáwà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ọ̀gá ní bí àgbà bá ti tẹ̀ka, ó ti jẹ́rìí pé òótọ́ ni ohun tí a kọ, ó sì ń retí àlejò nìyẹn.

Àwa ọmọ kíláàsì ni ó ń rán lọ bá wọn. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa, ó sì máa ń tún un sọ bí ẹni ń gbàdúrà: "Ibi tí ẹsẹ̀ yín kò bá dé, kí bírò yín má dé ibẹ̀."

Lọ́sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹfà, ó pè mí lẹ́yìn kíláàsì. Àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì gúúsù Èkìtì fẹ́ ṣe ìpàdé ní Adó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé náà fún gbogbo wọn kí ilé ìwé yòókù lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ojú ìwé kan péré ló kù, ti Ìyá Àlàbí, amọ̀kòkò àgbàlagbà kan ní abúlé Odò-Amọ̀. Abúlé náà wà lẹ́yìn oko kòkó bàbá mi, ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ sí ìgboro. Màmá náà kì í lo fóònù. Ọ̀gá ní kí n lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí n rí kòtò tó ti ń wa amọ̀, kí n bu amọ̀ díẹ̀ bọ̀, kí n sì béèrè ohun gbogbo tó yẹ ní bíbéèrè. Ó kó ìwé náà àti páàdì tàdáwà lé mi lọ́wọ́. Orí mi wú, nítorí kì í jẹ́ kí ìwé yẹn sun ilé ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ìfẹ́dayọ̀ gbé ìròyìn dé. Ilé ìwé wa ti wọ àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù, Ìkẹ́rẹ́ ni wọn yóò ti gbá a lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan ń kó àwọn ọmọ lọ, ó sì ti gba àyè méjì sílẹ̀ fún èmi àti òun. Mo sọ fún un pé Ọ̀gá ti rán mi níṣẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀.

"Sẹ̀gi, màmá arúgbó kan kò ní sá lọ. Amọ̀ náà kò ní sá lọ. Bọ́ọ̀lù nìkan ló máa parí lọ́la."

Ó ní òun tilẹ̀ mọ ohun gbogbo tí mo fẹ́ kọ, pé àǹtí òun ń ra ìkòkò lọ́wọ́ Ìyá Àlàbí. Ọjọ́ ọjà ni màmá náà máa ń wà nílé láti tajà, ọjà sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi náà mọ ọ̀nà ibẹ̀ látàrí oko bàbá mi, mo ti ń rí kòtò amọ̀ yẹn lọ́ọ̀ọ́kán láti kékeré. Ní ti amọ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná wa kún fún un. Ká má parọ́, kò rọ̀ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mi ti wà nínú ọkọ̀ yẹn kó tó sọ̀rọ̀ tán.

A lọ sí Ìkẹ́rẹ́, a kọrin títí ọ̀fun wa fi há, wọ́n sì nà wá ní góòlù mẹ́ta sí òdo. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná, mo ṣí ìwé Ọ̀gá. Mo kọ orúkọ Ìyá Àlàbí. Mo júwe ọ̀nà. Mo kọ ọ́ pé amọ̀ dúdú ni, mo sì bu díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa sínú ọ̀rá. Níbi ọjọ́ tó máa ń ráyè, mo kọ "gbogbo Ọjọ́bọ̀". Nígbà tí mo dé ibi ìkìlọ̀, mo ronú díẹ̀, n kò rí nǹkan kan rò, mo bá kọ "Kò sí". Ó wá ku ìka. Mo wo ẹ̀yìn wò bóyá màmá mi ń bọ̀, mo ti àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé. Mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ọwọ́ mi títí ó fi ń ta mí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá wo ojú ìwé náà, ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní mo ṣeun. Ó lọ sí Adó. Ó bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní olùkọ́ méjìlá ló gba ẹ̀dà ìwé náà, àwọn kan tilẹ̀ ń béèrè ẹni tó kọ ojú ìwé amọ̀, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ó ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìfẹ́dayọ̀ fi ìgúnpá gún mi níhà, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ìyáàfin Adébọ́lá, olùkọ́ jọ́gíráfì kan láti Ògòtún, kó ọmọ mẹ́tàlélógún sínú ọkọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń mú wọn bọ̀ ní Odò-Amọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé wa ṣe wí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní ìlú bíi tiwa ti mọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Ọrọọrún ni ọjà abúlé ń ná, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ti kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tó bá bọ́ sí lọ́sẹ̀ yìí, kò ní bọ́ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá bá ìyá rẹ̀ lọ tajà mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú parọ́ kì í ráyè ronú. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ilẹ̀kùn Ìyá Àlàbí wà ní títì, ó ti lọ sóko.

Ìyáàfin Adébọ́lá wo ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọ̀nà kòtò náà tí mo júwe dáadáa. Ó rí i pé kò sí ìkìlọ̀. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá lásán, ló bá kó wọn lọ síbẹ̀. Òjò ńlá ti rọ̀ lálẹ́ àná rẹ̀. Etí kòtò náà dúró, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo, nítorí abẹ́ ni àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀ tó dára. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Bọ́lánlé sọ̀ kalẹ̀ láti bu amọ̀ wò. Etí kòtò já lé e lórí ẹsẹ̀.

Ọlọ́kadà kan ló gbé ìròyìn náà wá bá wa ní ilé ìwé. Ọ̀gá Akínpẹ̀lú jáde tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò padà wá lọ́jọ́ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ a gbọ́ pé ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá sí ọ̀nà méjì. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sunkún. Mo fẹ́ sọ pé ti Bọ́lánlé nìkan ni mo ń sunkún sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ara mi pọ̀ nínú rẹ̀.

Wọ́n fún Ọ̀gá ní kúérì. Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìwé, òun ló pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sì fẹ́ mọ ìdí tó fi rán àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi eléwu. Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ́ni. Ìfẹ́dayọ̀ ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ní àgbàlagbà máa ń gbàgbé nǹkan, bí Ìyá Àlàbí bá ní òun kò rí mi rí, wọn yóò ní ogbó ló ń dà á láàmú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gá wá sí ilé wa. Ó bẹ màmá mi pé kí n bá òun dé Odò-Amọ̀ láti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá náà, nítorí èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Màmá mi ní kò burú. A rìn gba oko kòkó kọjá, Ọ̀gá ń fi àwọn igi tí a ń kọjá hàn mí, ó ń sọ bí gbòǹgbò ṣe ń di ilẹ̀ mú.

A bá Ìyá Àlàbí lábẹ́ ìbòòji, ó ń fi ìkarahun ìgbín dán ara ìkòkò. Mo kúnlẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó ní kí a jókòó, ó wá wojú mi pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ tó kọ́kọ́ rí. Ojúlówó Èkìtì ni ó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n bá a yí i díẹ̀ kó lè yé gbogbo yín.

"Tíṣà, ọmọ yín rè é? Ọmọ ta ni láàárín ùlú?"

Ọ̀gá yíjú sí mi. N kò gbé orí sókè. Ọ̀gá rọra dá màmá náà lóhùn pé ọmọ Adéwọlé tó ní oko kòkó ìsọdá ọ̀nà ni mí. Màmá ní háà, òun mọ bàbá mi, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ọmọ rẹ̀ wá sí ulé òun rí.

Lẹ́yìn náà Ọ̀gá tọrọ àforíjì lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Ó ní ohun tó dun òun jù lọ ni pé òun kò sí nílé. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ títí ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò. Àní nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, òun á kọ́kọ́ fi ọ̀pá gbá etí kòtò, òun á tẹ́tí.

"Ulẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ kó tó ṣubú," ni ó wí. "Bó bá dáhùn gbì, ẹ sọ̀. Bó bá dáhùn kò-ò bí igbá òfìfo, ẹ padà sẹ́yìn. Ká ní ẹnì kan bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un."

Ọ̀gá ṣí ìwé náà. Ó ní òun fẹ́ tún ojú ìwé náà kọ, kí ọ̀rọ̀ tí màmá sọ yìí lè wà níbẹ̀, kí màmá sì bá òun tẹ̀ka sí i. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì kà á sí màmá létí. Ìyá Àlàbí nu ọwọ́, ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, àmì roboto kan ló wà níbẹ̀, ó dán borogídí, kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọ̀gá má yà á lẹ́nu. "Ọdún àádọ́ta tí mo ti ń fi ọwọ́ yìí pọn amọ̀, amọ̀ ti họ gbogbo ìlà rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ ìbò, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wọn kò rí mi."

Ọ̀gá ṣí ojú ìwé tí mo kọ. Ìka kékeré ló wà níbẹ̀, àwọn ìlà rẹ̀ yí ká kedere, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó wò ó, ó wo ti màmá, ó pa ìwé náà dé. Kò wò mí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, ó dìde. Ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá mi sọ, ó ní òjò ti ń ṣú, kí n yá ẹsẹ̀. Ìbá sàn fún mi ká ní ó nà mí.

N kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, n kò sì jẹun lọ́jọ́ kejì. Màmá mi rò pé ibà ni, ó fún mi ní oògùn. Ohun tó ń jẹ mí kì í ṣe ohun tí oògùn lè wò. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá ti mọ̀, mo sì ń dúró kó pè mí lẹ́jọ́. Kò pè mí. Lọ́jọ́ Ajé tí àwọn ọ̀gá méjì wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí ó wá sí yàrá púríńsípà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sọ pé òun kò ní ẹlòmíràn láti dá lẹ́bi, pé òun ló kó ìwé náà jọ, òun ló sì yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbọ́, n kì í ṣe akíkanjú. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, mo kanlẹ̀kùn kí ẹsẹ̀ mi tó yí ọkàn padà. Púríńsípà béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn.

"Èmi ni mo tẹ̀ka yẹn, sà," ni mo wí. "N kò dé Odò-Amọ̀. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò."

Mo tẹ́ àtàǹpàkò òsì mi síwájú wọn bí ẹni pé tàdáwà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, bàbá kan tó wọ awò ojú, bọ́ awò náà kúrò, ó sì ń nù ún láìdúró. Ọ̀gá Akínpẹ̀lú gbé ojú sí òkè àjà, mo sì rí i pé omi ti kún un lójú.

Ìjẹ́wọ́ mi kò tún ẹsẹ̀ Bọ́lánlé tò, kò sì gba Ọ̀gá sílẹ̀ tán. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní ìpẹ̀kun àríwá ìpínlẹ̀, nítorí wọ́n ní olórí ni ó yẹ kó yẹ iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wọ́n lé èmi náà sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá mi mú mi lọ sí Ògòtún láti lọ kúnlẹ̀ níwájú Bọ́lánlé àti àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n fi báńdéèjì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé itan, kò sì ní lè ṣe ìdánwò ìgbéga lọ́dún yẹn. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn wò mí pẹ́, ó wá béèrè pé, "Bọ́ọ̀lù yẹn, ta ló borí?"

Mo ní wọ́n nà wá ni, mẹ́ta sí òdo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà di ẹkún, èmi náà sì sun ún. Ìyá rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá.

Mo lọ sin Ọ̀gá ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń kó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó níwájú ọkọ̀, àwọn àpò wọn wà lẹ́yìn. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi dárúkọ mi fún wọn. Ó ní òun ń dúró dè mí ni. Ó ní bí òun bá ti fà mí jáde, òun ìbá mú ọ̀daràn kan, ṣùgbọ́n òun ìbá pàdánù ọmọ. Ó tún wá sọ ohun kan tí n kò retí.

"Lọ́jọ́ tí o gbé ìwé yẹn wá, mo rí i pé ìka ọmọdé ni. Mo rí i, Sẹ̀gilọlá. Mo ń kánjú lọ sí Adó, mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ mi, mo bá ní kò burú. Nítorí náà, má ṣe rò pé ìwọ nìkan lo jẹ̀bi."

Ọkọ̀ náà ṣí lọ. A kò rí olùkọ́ jọ́gíráfì míì gbà títí a fi ṣe WAEC. Àwa fúnra wa là ń ṣí páálí òkúta yẹn, tí a ń bi ara wa ní ìbéèrè, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ìfẹ́dayọ̀ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Ní ìsinmi gígùn, mo máa ń lọ bá Ìyá Àlàbí ru amọ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni etí mi tó dá ìró méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Màmá ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé lè gun igi kó má rí i, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jókòó ti àgbà á rí i bópẹ́ bóyá. Ó ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Mofẹ́olúwa pè mí láti Àgbàdo-Èkìtì. Ó gbọ́ pé èmi ni mo ń tọ́jú orúkọ àwọn tó mọ ilẹ̀ lágbègbè wa báyìí, ó sì fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá mo mọ ẹnì kan nítòsí rẹ̀. Mo ti gbọ́ nípa bàbá kan. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti yìn ín fún mi, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú fóònù mi. Mofẹ́olúwa ń bẹ̀ mí pé kí n ṣáà fi ránṣẹ́, ó ní ọjọ́ Ajé ni àwọn fẹ́ lọ, púríńsípà òun ti ń yọ òun lẹ́nu.

Mo sọ fún un pé, "Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún mi di ọjọ́ Sátidé."

Inú rẹ̀ kò dùn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ yín ni yóò di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ kò bá rí, ẹ ní ẹ kò rí i. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó ru ẹrù yín. Nítorí ẹni tó bá kọ ohun tí kò rí sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́.